Bí iná ò bá tán láṣọ: ìrírí mi pẹ̀lú amí tó wọ kọ̀ǹpútà ilé wa

Dátà ló kọ́kọ́ tú amí náà fó, ìyẹn ètò tó ń fara pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà láti máa ṣọ́ ohun tí ẹ ń ṣe. 10GB tí ilé wa ní Ìtamága máa ń fi ọ̀sẹ̀ méjì lò tán lọ́jọ́ kẹta. Ní Ìkòròdú níbí, bí dátà bá tán báyẹn, àwọn tó ń ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì la máa kọ́kọ́ ṣépè fún, ká tó yíjú sí àwọn ọmọ. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi, mo ní kò sí YouTube mọ́ nínú ilé yìí. Dátà ò yéé tán.

Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ ẹ́ wà lórí tábìlì ní pálọ̀, a ò fura sí i. HP tókunbọ̀ ni, RAM 8GB, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. Ìyàwó mi ń fi ṣe ìṣirò ọjà rẹ̀, àwọn ọmọ ń fi ṣe iṣẹ́ àmúrelé, èmi ń fi wọ báńkì. Àkáǹtì kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò, administrator ni, ìyẹn èyí tó láṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ, kò sì ní password. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn yín, mo ṣì máa padà dé ibẹ̀.

Àwọn àmì mìíràn ti wà nílẹ̀ tí mi ò kà sí. Fáànù ẹ̀rọ máa ń pariwo lóru nígbà tí ẹnikẹ́ni ò jókòó tì í. Bí mo bá wá nǹkan lórí Chrome, ó máa kọ́kọ́ yà síbì kan tí mi ò mọ̀ kó tó gbé èsì wá. Iná kékeré ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà tàn lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú. Pé kọ̀ǹpútà ń falẹ̀, tí gbogbo èèyàn máa ń pè ní àmì, èmi ò kà á kún: ẹ̀rọ tókunbọ̀ tó ń lo hard disk àtijọ́ á falẹ̀ láìsí amí kankan nínú rẹ̀. Àmì tó wúwo jù ni kí ẹ̀rọ máa fi nǹkan púpọ̀ ránṣẹ́ síta nígbà tí kò sẹ́ni tó ń lò ó.

Bí ẹ ṣe máa rí i nìyí. Ẹ tẹ Windows àti R pọ̀, ẹ kọ resmon, ètò Windows tó ń fi hàn ohun tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ tẹ Enter. Ẹ lọ sí Network, ẹ tẹ orí òpó tí wọ́n kọ Send sí, kí èyí tó ń ránṣẹ́ jù lè bọ́ sókè. Nílé, ohun tó ń wọlé ló yẹ kó pọ̀ ju ohun tó ń jáde lọ, àfi bí ẹ bá wà lórí ìpè Zoom, tàbí tí OneDrive tàbí Google Drive ń kó fọ́tò yín lọ. Ní tiwa, ní aago 2 òru, ohun tó ń jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ohun tó ń wọlé.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ti lọ kí n tó dé ìdí resmon, àṣìṣe ni mo sì fi gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ímeèlì kan wọlé láti ọ̀dọ̀ Google pé ẹnìkan ti fi ẹ̀rọ tí wọn ò mọ̀ rí wọ Gmail mi. Ara mi gbóná. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan náà, mo pààrọ̀ password Gmail, ti Facebook, ti báńkì, èyí tó gùn tó sì le ni mo mú. Mo parí, mo mí kanlẹ̀. Ẹni tó ń pààrọ̀ àgádágodo níṣojú olè, kọ́kọ́rọ́ tuntun ló ń fún un. Bí mo ṣe ń tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni amí ń kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ̀lé mi.

Lọ́jọ́ kejì, ojú ewé pupa kan yọ gannboro lórí Chrome, ó ń hu bíi ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó ní fáírọ́ọ̀sì márùn-ún ló wà lórí ẹ̀rọ mi, kí n tètè gba oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo gbà á. Kò sí ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì tó lè wo inú kọ̀ǹpútà yín kó wá máa ka fáírọ́ọ̀sì. Àwòrán lásán ni. Oògùn tí mo gbà yẹn ló gbé kòkòrò kejì wọlé, èyí tó ń gun fíláàṣì. Lọ́jọ́ kẹta, mo fi antivirus méjì sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí antivirus tòde bá ti wọlé, Defender tó bá Windows wá á yẹra fún un. Àwọn méjì yòókù wá ń yẹ gbogbo fáìlì wò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń fura sí ara wọn, títí máòsì pàápàá ò fi lè rìn mọ́. Iná lọ láàárín ìjà wọn. Mo yọ àwọn méjèèjì kúrò, Defender padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀kan ti tó fún ẹ̀rọ kan.

Nígbà tí mo wá dé ìdí resmon, orúkọ tó wà lókè pátápátá jọ orúkọ dráífà ohùn, ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ lè dún. Mo ṣí Task Manager, ìyẹn Ctrl, Shift àti Esc lẹ́ẹ̀kan náà, mo lọ sí Details, mo fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ yẹn, mo mú Open file location. Ẹ má wo orúkọ, ibi tó ń gbé ni kí ẹ wò. Svchost.exe gidi, ètò Windows tí amí máa ń yá orúkọ rẹ̀, inú C:\Windows\System32 ló ń gbé, tàbí SysWOW64. Dráífà ohùn gidi náà, Program Files tàbí abẹ́ fódà Windows lẹ máa bá a. Tèmi ṣí fódà kan nínú AppData\Roaming, ibi tí ètò èyíkéyìí ti lè kọ nǹkan sílẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ ò bá rí AppData, ó fara pamọ́ ni: ẹ lọ sí View nínú File Explorer, ẹ sààmì sí Hidden items.

Fáìlì mẹ́ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú fódà kékeré kan. Mo ṣí fódà náà. Àwòrán ló kún inú rẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí ni orúkọ wọn. Mo tẹ ọ̀kan. Ojú kọ̀ǹpútà wa ni, bó ṣe wà lálẹ́ àná: lẹ́tà tí ìyàwó mi ń kọ sí oníbàárà rẹ̀ kan, kò tíì parí, máòsì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ "ẹ jọ̀ọ́". Èyí tó tẹ̀lé e, ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà kan náà ni, ó ti fi ìlà méjì gùn sí i. Wọ́n tò lọ bẹ́ẹ̀ títí mo fi pa á dé. Mo wá ṣí fáìlì ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ báńkì wa wà nínú rẹ̀, password tuntun tẹ̀lé e, títí kan lẹ́tà kan tí mo ṣì tẹ̀ tí mo sì pa rẹ́. Amí kọ Backspace sí àárín rẹ̀ kó má bàa ṣì í kà. Ọwọ́ mi tutù.

Àwòrán tó kù níbẹ̀ ni èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò tíì jẹ́ kó rí gbé lọ. Àwọn yòókù ti dé ibi tí wọ́n ń lọ. 10GB wa nìyẹn.

Mo wo ọjọ́ tí wọ́n dá fódà náà sílẹ̀, nínú Properties, níbi tí wọ́n kọ Created sí, mo sì wá ohun tó wọ Downloads lọ́jọ́ kan náà. Zip kan ló wà níbẹ̀, ti activator tó ń sọ Windows àti Office di ọ̀fẹ́. Àkọ́bí mi ló gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo rán an. Ohun méjì ló yẹ kó ta wá lólobó. Zip náà ní password, 1234, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ni ìwúlò àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ ń fì lára rẹ̀? Kí antivirus má bàa rí inú rẹ̀ nígbà tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ni. Ìkejì, ìlànà rẹ̀ ní kí a kọ́kọ́ pa antivirus. Àlejò tó ní kí ẹ lọ so ajá yín mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé, ẹ mọ ohun tó bá wá.

Mo pa Wi-Fi. Ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ọjọ́ kìíní nìyẹn, nítorí amí tí kò rí íńtánẹ́ẹ̀tì, inú ilé ló ti ń kó ẹrù, kò rí i gbé jáde. Lẹ́yìn náà, mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀, mo kọjú sí àwọn àkáǹtì. Kọ̀ǹpútà lè dúró di ọ̀la, owó báńkì ò lè dúró. Fóònù ìyàwó mi ni mo lò, lórí dátà tirẹ̀, láìfi so mọ́ kọ̀ǹpútà rárá. Mo pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM, mo ní kí wọ́n ti ọ̀nà orí íńtánẹ́ẹ̀tì pa títí màá fi wá. Gmail ló tẹ̀lé e, nítorí ẹni tó bá ní Gmail yín lè fi "Forgot password" gba gbogbo ìyókù.

Níbi Gmail yìí, ẹ fara balẹ̀. Pípààrọ̀ password nìkan ò tó. Bí ẹ bá ti wọlé lórí browser, browser ń pa àmì ìwọlé kan mọ́, tí wọ́n ń pè ní cookie, kó má bàa máa bi yín ní password nígbà gbogbo. Amí ayé ìsinsìnyí máa ń jí cookie náà gan-an. Ẹni tó bá ní in ti wà nínú ilé, wọn ò ní bi í ní password, wọn ò sì ní bi í ní kóòdù tó ń wá sórí fóònù yín. Ẹ lọ sí Security nínú àkáǹtì Google, ẹ ṣí Your devices, kí ẹ lé gbogbo ẹ̀rọ jáde, títí kan kọ̀ǹpútà tiyín náà.

Mo ṣe gbogbo èyí tán, síbẹ̀ ímeèlì báńkì ò wọlé. Ọjọ́ kejì ni mo rí ìdí rẹ̀. Wọ́n ti fi filter kan sínú Gmail mi: ímeèlì èyíkéyìí tí orúkọ báńkì bá wà nínú rẹ̀, kó gbé e lọ sí àdírẹ́sì kan tí mi ò mọ̀, kó sì jù ú sí Trash. Filter ò ní lọ nítorí pé ẹ pààrọ̀ password. Ẹ ò sì lè rí i nínú app Gmail orí fóònù. Ẹ ní láti ṣí Gmail nínú browser, kí ẹ ní kó gbé Desktop site wá, lẹ́yìn náà Settings, kí ẹ yẹ Filters and Blocked Addresses wò, kí ẹ sì yẹ Forwarding and POP/IMAP wò pẹ̀lú. Lórí WhatsApp, ẹ lé gbogbo ohun tó wà ní Linked devices. Facebook náà ní ibi tí ó ti ń fi ibi gbogbo tí ẹ ti wọlé hàn. Gbogbo password tí ẹ ti jẹ́ kí Chrome bá yín pa mọ́, ẹ kà á sí pé ó ti lọ.

Ó wá ku kọ̀ǹpútà.

Mo mú End task fún ètò náà nínú Task Manager, mo pa fódà rẹ̀ rẹ́. Kò bá mi jà rárá, ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà mí lẹ́rù. Kò pẹ́ tí ọmọ mi tó ń ṣọ́ ọ fi pariwo: "Dádì, ó ti padà o." Mo tún pa á, ó tún padà, bẹ́ẹ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì ti wà ní pípa, ẹ̀dà rẹ̀ kan ń bẹ níbòmíràn nínú ẹ̀rọ. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò lè tán léèékánná. Fáìlì tí mò ń pa léraléra yẹn, ẹ̀jẹ̀ ni. Iná ni ohun tó ń pè é padà, òun ni mi ò tíì fojú kàn. Ọ̀pọ̀ amí tí àwọn èèyàn ń sọ pé ó lágbára, agbára kankan ò sí lára rẹ̀, wọn ò kàn bá ẹni tó ń jí i pàdé ni.

Mo mú ìwé àti bírò. Mo pa á ní 8:04, ó yọ ní 8:10. Mo pa á ní 8:13, ó yọ ní 8:20. Mo pa á ní 8:21, ẹ̀ẹ̀kan yìí mo jókòó tì í, ó yọ ní 8:30 géérégé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí amí bá ṣe ń padà ló ń sọ ibi tó sá sí. Bí ó bá ń yọ ní àkókò tó dọ́gba báyìí, Task Scheduler ni, ibi tí Windows ti ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n dá àkókò fún. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ tàbí tí ẹ wọ àkáǹtì yín nìkan ló ń padà, ẹ wo Run nínú registry, ìwé ńlá tí Windows ń kọ ètò rẹ̀ sí, fódà Startup, àti services. Bí ẹ ò tíì gbọ́wọ́ kúrò tó ti padà, ètò méjì ló ń ṣọ́ ara wọn, tí ẹ bá pa Táíwò, Kẹ́hìndé á jí i. Inú Safe Mode lẹ ti máa mú àwọn méjèèjì. Bí ó bá sì jẹ́ extension Chrome, ètò kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ browser, ló ń yọ padà tí ẹ bá ti wọ àkáǹtì Google yín, sync, tó ń kó ohun inú Chrome yín láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn, ló ń gbé e bọ̀. Ẹ pa sync kí ẹ tó yọ ọ́.

Mo bọ́ sí Safe Mode, níbi tí Windows ti ń jí pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tó nílò nìkan. Ẹ di Shift mú, kí ẹ tẹ Restart. Ojú ewé búlúù kan á yọ: Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, lẹ́yìn náà ẹ tẹ 4. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ rí i pé ẹ mọ password àkáǹtì yín, nítorí PIN lè kọ̀ níbẹ̀. Bí BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti hard disk, bá wà níbẹ̀, ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48. Ẹ wá a sílẹ̀ nínú àkáǹtì Microsoft yín ṣáájú, ẹ má dúró dìgbà tí ojú ewé búlúù bá ń wò yín.

Task Scheduler kì í ṣiṣẹ́ nínú Safe Mode, kò sì sẹ́ni tó máa jí amí níbẹ̀. Mo pa fódà rẹ̀ rẹ́, mo tan ẹ̀rọ padà bó ṣe máa ń tàn. Ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ taskschd.msc. Nínú Task Scheduler Library, mo rí ọ̀kan tó ń jẹ́ Google Update. Orúkọ ọmọlúàbí. Mo tẹ Actions. Google Update gidi sábà máa ń pe ètò tó wà nínú fódà Google ní Program Files. Èyí ń pe powershell.exe, ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ pàṣẹ fún Windows, lẹ́yìn rẹ̀ -WindowStyle Hidden, kí fèrèsé rẹ̀ má bàa hàn, lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà tó dà rú bí ìlà márùn-ún. Mo tẹ Triggers: ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, láìlópin. Mo fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, mo kọ́kọ́ mú Disable, mo tan ẹ̀rọ padà, mo jókòó tì í fún ìdajì wákàtí. Kò padà. Ìgbà náà ni mo tó mú Delete. Ẹ máa pa nǹkan lójú kí ẹ tó pa á kú. Bí ẹ bá ṣèèṣì mú ohun tí Windows nílò, Enable lẹ máa fi dá a padà.

Àṣé ẹyọ kan kọ́ ni. Mo fi fóònù gba Autoruns, ètò tó ń to gbogbo ohun tó ń jí fúnra rẹ̀ pẹ̀lú Windows, sílẹ̀ láti orí ìkànnì Microsoft fúnra wọn. Ọ̀fẹ́ ni, ó wà lára àwọn irinṣẹ́ Sysinternals tí Microsoft rà ní 2006. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ẹ mú Run as administrator. Nínú Options, ẹ sààmì sí Hide Microsoft Entries. Nínú Scan Options, ẹ sààmì sí Verify code signatures. Èyí tó bá pupa rẹ́súrẹ́sú ò ní olùṣe tàbí àmì ìfọwọ́sí rẹ̀ ò pé; èyí tó bá yẹ́lò, orúkọ rẹ̀ wà ṣùgbọ́n fáìlì rẹ̀ ti lọ. Pupa ò túmọ̀ sí amí dandan, dráífà prínńtà tó ti pẹ́ lè pupa pẹ̀lú. Ẹ tún padà sí òfin àkọ́kọ́: níbo ló ń gbé? Mo rí ọ̀kan ní Run, ọ̀kan ní WMI, apá Windows kan tó lè pe ètò fúnra rẹ̀, ibi tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kì í sábà wò. Mo yọ àmì tó wà níwájú àwọn méjèèjì.

Ohun kan ṣì ń rú mi lójú. Gbogbo ìgbà tí mo ní kí Defender yẹ ẹ̀rọ wò, ó ní kò sí nǹkan. Ẹ lọ sí Windows Security, Virus & threat protection, Manage settings, ẹ sọ̀ kalẹ̀ títí dé Exclusions. C:\ ló wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí a ní kí activator ṣiṣẹ́ tí a sì tẹ Yes fún un, ó ti sọ fún ọdẹ ilé pé kó má wo gbogbo ilé. Ọdẹ ò ṣẹ̀, àṣẹ tí wọ́n fún un ló ń tẹ̀lé. Mo yọ C:\ kúrò, mo so íńtánẹ́ẹ̀tì pọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí Defender lè gba ìmọ̀ tuntun, mo sì mú Microsoft Defender Offline scan nínú Scan options. Èyí ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó jí, nígbà tí amí ṣì wà lójú oorun. Ó máa ń gba bí ìṣẹ́jú 15, tiwa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì wa ti kú tipẹ́, nítorí náà mo kọ́kọ́ bu epo sí jẹnẹrétọ̀, mo sì jẹ́ kó ti máa ṣiṣẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi iṣẹ́ yìí lé iná ìjọba lọ́wọ́. Ó rí ohun mẹ́rin. Orúkọ wọn wà ní Protection history.

Chrome ṣì ń sọ pé "Managed by your organization". Ilé wa ò ní ọ̀gá àgbà kankan. Ẹ kọ chrome://policy sókè, ẹ máa rí òfin tí amí fi de browser; tiwa ni ExtensionInstallForcelist, tó ń fipá gbé extension kan wọlé. Nínú regedit, ẹ lọ sí HKEY_LOCAL_MACHINE\SOFTWARE\Policies\Google\Chrome, ẹ fi Export tọ́jú rẹ̀, kí ẹ tó pa á rẹ́. Ẹ yẹ Proxy wò nínú Settings, kí ó wà ní Off, kí íńtánẹ́ẹ̀tì yín má bàa gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá, kí ẹ sì fi Notepad ṣí C:\Windows\System32\drivers\etc\hosts, fáìlì tó lè darí orúkọ ìkànnì síbòmíràn. Bí orúkọ báńkì bá wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. System Restore, mi ò lò ó. Ó lè dá yín padà sí ọjọ́ tí amí ti wọlé, kò sì dájú pé á kan gbogbo ibi tó ń sá sí.

Ọjọ́ márùn-ún kọjá, resmon dákẹ́, dátà dúró. Síbẹ̀ mi ò lè fi ọkàn balẹ̀ kọ password báńkì sórí ẹ̀rọ yẹn. Ohun tí mo rí ni mo yọ. Ohun tó ti ní agbára administrator fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò lè búra pé mo ti rí gbogbo ọwọ́ rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi nìyí, bí ó tilẹ̀ dun àwọn tó fẹ́ràn ìjà: bí ó bá jẹ́ extension tó kàn ń yí ojú ìwárí padà, ẹ yọ ọ́, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Bí ẹ bá rí i pé ó ń ka ohun tí ẹ ń tẹ̀, ẹ nu ẹ̀rọ náà nù, kí ẹ tún Windows fi sórí rẹ̀. Ọ̀sán kan ló gbà mí, lẹ́yìn tí mo ti fi ọ̀pọ̀ alẹ́ jà.

Kí n tó nù ún, mo kó fọ́tò, PDF àti ìwé Word sórí fíláàṣì. Ohunkóhun tó bá ń parí sí .exe, .scr, .bat, .js, .vbs tàbí .lnk, mi ò mú un. Ẹ sààmì sí File name extensions nínú View kí ẹ lè rí ìparí orúkọ. Fáìlì tó ń jẹ́ ìwé.pdf.exe, ìwé.pdf nìkan ni Windows máa ń fi hàn yín. Lẹ́yìn náà, lórí kọ̀ǹpútà mímọ́ kan, mo fi Media Creation Tool ti Microsoft ṣe fíláàṣì ìfisórí. Fíláàṣì náà gbọ́dọ̀ tó 8GB, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ á parẹ́, ohun tí ẹ máa gbà sílẹ̀ sì pọ̀ ju 4GB lọ. Dátà òru ni mo rà fún un.

Mo ń rò pé màá tún nílò activator. Mo ṣí PowerShell, mo kọ èyí sínú rẹ̀:

(Get-CimInstance SoftwareLicensingService).OA3xOriginalProductKey

Lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 jáde. Kọ́kọ́rọ́ Windows tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ti sin sínú rẹ̀ láti ìgbà tó ti jẹ́ tuntun, kó tó di tókunbọ̀. Ẹni tó tà á fún wa ti fi ẹ̀yà Windows mìíràn bò ó ni. A lọ jí ohun tó ti jẹ́ tiwa. Bí tiyín bá jáde, ẹ fi ẹ̀yà Windows kan náà sórí rẹ̀, Home tàbí Pro, ẹ mú "I don't have a product key", tó bá ti rí íńtánẹ́ẹ̀tì á fọwọ́ sí ara rẹ̀. Bí òfìfo bá jáde, kò sí kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Windows 10 ni mo fi padà nígbà náà. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft ti parí àtìlẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà bí ẹ̀rọ yín bá ní TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan nínú ẹ̀rọ, tí Intel rẹ̀ sì jẹ́ ìran kẹjọ sókè, ẹ mú Windows 11.

Lórí HP, ẹ máa tẹ Esc léraléra bí ẹ bá ṣe ń tàn án, lẹ́yìn náà F9. Lórí ọ̀pọ̀ Dell àti Lenovo, F12 ni. Nígbà tó bá béèrè, ẹ mú Custom, kí ẹ pa gbogbo partition, ìyẹn ìpín, hard disk náà rẹ́ títí yóò fi ku Unallocated Space nìkan. Ẹ yọ fíláàṣì tí ẹ kó fọ́tò sí kúrò lára ẹ̀rọ ṣáájú. Mo mọ ẹni tó nu ti fọ́tò nù.

Báyìí, ẹnì kọ̀ọ̀kan nílé ní àkáǹtì tirẹ̀, Standard user ni, tèmi tí mo ń fi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ náà pẹ̀lú. Administrator wà lọ́tọ̀, ó ní password, èmi àti ìyàwó mi nìkan la mọ̀ ọ́n. Bí activator bá tún wá lónìí, inú àkáǹtì ọmọ kan ló máa há sí, kò ní rí Defender dá lẹ́kun.

Ó ku ilé títẹ̀wé kan ní Sábó. Láàárín ọjọ́ àṣìṣe yẹn, mo gbé fíláàṣì lọ síbẹ̀ láti tẹ iṣẹ́ ilé-ìwé ọmọ mi. Mo padà lọ sọ òótọ́ fún obìnrin tó ni ín. "Bọ̀dá," ó ní, "ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe èyí? Gbogbo fíláàṣì oníbàárà mi ti di shortcut." Windows kì í ṣí ohun orí fíláàṣì fúnra rẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí kòkòrò yẹn fi ń fi fódà yín pamọ́, á wá fi shortcut tó ń jẹ́ orúkọ kan náà rọ́pò rẹ̀, kí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́. Fáìlì ò sọnù. Mo kọ́kọ́ fi Defender fọ ẹ̀rọ rẹ̀ méjèèjì, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ fọ fíláàṣì, ẹ̀rọ á tún un bà jẹ́. Lẹ́yìn náà, mo ṣí Command Prompt, mo kọ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* fún fíláàṣì kọ̀ọ̀kan, E ni lẹ́tà tí ẹ̀rọ rẹ̀ fún un, mo pa àwọn shortcut rẹ́. Mọ́kànlá ni wọ́n. Nígbà tí mo parí, mo ní kí ó bá mi tẹ ojú ewé méjì. Ó gba owó rẹ̀ pé.